Ẹ̀rọ̀-Pẹ̀sẹ̀ àti Fèrè Ìjọba

Ẹ̀rọ̀-Pẹ̀sẹ̀ là ń pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣètò àárọ̀ níléeṣẹ́ rédíò wa. Ohùn rẹ̀ lè mú ọmọ tó ń ké sùn. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ fún un, torí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ yìí.

Ìjọba gbé àpótí kan wá sí sítúdíò wa. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì ní ọ́fíìsì wọn, àpótí náà á gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu, á fun fèrè ìkìlọ̀, á ní kí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò sá lọ sókè. Ó dáa. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò, wọn kì í sọ fún wa, àpótí náà pàápàá kì í sọ pé ìdánwò ni. A bẹ̀ wọ́n títí, a bínú títí, pàbó ló já sí. Rédíò ni wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yẹn gan-an ló ni orúkọ náà.

Bí fèrè bá ti dún, Ẹ̀rọ̀-Pẹ̀sẹ̀ á pe ọ́fíìsì náà lórí fóònù, wọ́n á ní ìdánwò ni. Òun náà á wá fi ohùn oyin sọ fún ìlú pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìdánwò ni." Ìyá rẹ̀ tó ń gbé létí odò á tú ẹrù tó ti dì, á sì padà jókòó ti rédíò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, fèrè tún dún. Ẹ̀rọ̀-Pẹ̀sẹ̀ pè wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe òótọ́ ni tòní?"

"Ìdánwò mà ni, àǹtí. Ẹ má da ara yín láàmú."

Ìgbà tó yá la gbọ́ pé ọ̀gbẹ́ni náà kò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ bọ́tìnnì. Bó ṣe máa ń wí náà ló wí.

Ẹ̀rọ̀-Pẹ̀sẹ̀ fi ìlú lọ́kàn balẹ̀, ó fi orin sí i. Orin kò tíì dé ìdajì tí ìyá rẹ̀ fi pè é. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Màámi, kí lẹ wí?"

Ohùn ìyá náà ròkè débi pé mo gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ mi: "Mo ní omi ti wọ pálọ̀! Ṣebí ìwọ lo ní ìdánwò ni?"

Ẹ̀rọ̀-Pẹ̀sẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pa orin, ohùn tó sì jáde kì í ṣe èyí tí mo mọ̀.

"Kì í ṣe ìdánwò o! Màámi, ẹ jáde! Ẹ fi ẹrù sílẹ̀! Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ odò, ẹ sá àsálà! Ẹ bá mi gbé ìyá mi o!"

Ìlú kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Wọ́n tú yáyá síta. Káfíńtà àdúgbò ló pọn ìyá náà jáde, rédíò lábẹ́ apá ìyá.

Omi kò tíì fà tí ọ́fíìsì ìjọba fi pè wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni.

"Ta ló fún obìnrin yẹn láṣẹ láti kéde?"



Àpótí náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń dán an wò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí fèrè bá dún báyìí, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kì í sá mọ́. Wọ́n á jókòó ti rédíò wọn, wọ́n á máa retí bóyá Ẹ̀rọ̀-Pẹ̀sẹ̀ máa ké pe ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ jáde!"