Ọjọ́ tí Bàbá Mi Fi Sìmẹ́ǹtì Ti Ara Rẹ̀ Mọ́lé

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo fojú ara mi rí bàbá mi lẹ́yìn irin. Ẹ má tíì la ẹnu, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló mú un, kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Òun fúnra rẹ̀ ló ra irin náà, òun ló rì í mọ́ ògiri, òun náà ló sì kó ara rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. 

Okokomaiko ni ilé wa wà, ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi máa ń dúró sí tí òjò bá ti rọ̀. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀jọ́, bíírò àti fáìlì niṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kọ́ ilé oníyàrá méjì yẹn, ó pinnu pé oníṣẹ́ ọwọ́ kankan ò tún ní fọwọ́ kan ilé òun mọ́. Tó bá di Sátidé, á fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀sìtéètì Ìbà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń tún ilé wọn ṣe nígbà náà, á fọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo àwọn bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá dé, á ní, "Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò le." Tí ìyá mi bá ti gbọ́ "kò le" yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo rẹ̀ kúrò nítòsí.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, àwọn iṣẹ́ rẹ̀ kan dáa. Ó fi páànù ṣe ojú ọ̀nà omi sí etí òrùlé, omi òjò ń ṣàn wọ inú dúrọ́ọ̀mù wa, àwọn aládùúgbò sì ń wá pọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pákó tó kàn mọ́ ògiri, tó ní kí ìyá mi to àwo tánganran tí wọ́n fi sìn ín wá sílé ọkọ sí, kò lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ Àìkú ló já, a ti wọ sùtánà funfun wa tán, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwo kan ṣoṣo ló kù, òun náà sì ti là.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi wà nínú oyún. Ọdún tó ṣáájú, omi òjò wọ yàrá wa, a jí bá bàtà wa lójú omi, ibùsùn sì rin gbindin. Ìyá mi wá là á mọ́lẹ̀ fún bàbá mi.

"Mi ò ní gbé ọmọ tuntun sùn nínú omi. Bí òjò bá fi bá yàrá yìí bó ṣe wà, ẹ ò ní bá mi nílé. Abẹ́òkúta ni màá gbà lọ, ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni màá jókòó sí."

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó di ẹrù sínú báàgì kan, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ pálọ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń yọjú wò bóyá báàgì náà ṣì wà níbẹ̀.

Bíríkìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọmọ Ègùn, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó wá fúnra rẹ̀, ó ní òun á bá wa gbé ilẹ̀ ilé náà sókè. Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun. Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Pálọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń da sìmẹ́ǹtì, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń fẹ̀yìn rìn. Nígbà tó kan ògiri, ó gba ojú fèrèsé fò síta. Iṣẹ́ náà dán! Àfi bí adìẹ ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó tẹ ẹsẹ̀ káàkiri orí ẹ̀. Bàbá mi búra pé tó bá kan yàrá, òun á ti ilẹ̀kùn pa, kí adìẹ àti ọmọ má rí ibi wọlé.

Ní Sátidé kejì, ó kó yanrìn, òkúta wẹẹrẹ, sìmẹ́ǹtì àti omi wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn látinú. Inú ni ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí sí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìyá mi tó ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé gbọ́ ìró ṣọ́bìrì, ó ké sí i.

"Bàbá àwọn ọmọ, ibo lẹ máa gbà jáde?"

"Ojú fèrèsé ni. Ṣé kì í ṣe bí mo ṣe ṣe ti pálọ̀ nìyẹn?"

Ìyá mi padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ló gbàgbé pé oṣù méjì ṣáájú, nígbà tí olè ń da àdúgbò láàmú, bàbá mi lọ ra irin ní Alábà, ó sì rì í mọ́ fèrèsé yàrá yẹn. Òun alára gbàgbé. Ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ojú rẹ̀ kì í tètè rí i mọ́.

Nígbà tó ṣe, ìró ṣọ́bìrì dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ tó pe orúkọ mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Mo sáré yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, síbi fèrèsé yàrá. Háà! Bàbá mi ló dúró lórí garawa tó dojú rẹ̀ dé, níbi kékeré tí sìmẹ́ǹtì ò tíì dé lábẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin fèrèsé mú, sìmẹ́ǹtì ti sọ gbogbo ojú rẹ̀ di funfun. Mo figbe ta. Mo ní wọ́n ti mú bàbá mi o!

Ẹ ò rí i bí àdúgbò ṣe ya dé. Ìyá mi mú ọ̀bẹ àti ẹ̀fọ́ dání, ó ń wò. Ẹnì kan ní kí bàbá mi tẹ sìmẹ́ǹtì náà kọjá, kó lọ ṣí ilẹ̀kùn.

"Ilẹ̀kùn ò lè ṣí mọ́," ni bàbá mi wí. "Sìmẹ́ǹtì ti bo ìsàlẹ̀ ẹ̀." Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni òun gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó sọ. Mo rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe là, tí kò lè pa á dé.

Wọ́n lọ pe bíríkìlà. Ó fi òòlù gbá ìdí irin títí òógùn fi bò ó, irin ò mì.

"Láńlọ́ọ̀dù, ta ló bá yín ṣe irin yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi gan-an ò lè ṣe é kó le tó báyìí."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ló wá sójú rẹ̀. Bíríkìlà ní kò sí wàhálà, ká fọ́ ilẹ̀kùn, kí bàbá mi sì tẹ sìmẹ́ǹtì tútù yẹn jáde, a ó tún òmíràn dà. Bàbá mi wo ojú ọ̀run. Ó ti ṣú dùdù. Kò sì sí sìmẹ́ǹtì kankan nílẹ̀ mọ́.

"Rárá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Màá dúró." Ó wá yíjú sí ìyá mi. "Ilẹ̀ náà ti wà báyìí. Jọ̀ọ́, má lọ."

Láyé mi, mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ "jọ̀ọ́" fún ìyá mi lójú èèyàn rí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu ju irin lọ. Ẹ̀rín dá lẹ́nu gbogbo wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi gbé àpótí wá sábẹ́ fèrèsé, ó ń ki ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wọ àárín irin fún un. Nírọ̀lẹ́, òjò dé. Omi kún iwájú ilé, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ìyá mi bọ́ sí pálọ̀, ó gbé báàgì tó ti dì yẹn kúrò ní kọ̀rọ̀, ó fi ṣe tìmùtìmù, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Òun lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbí, bàbá mi lórí garawa lọ́hùn-ún, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí oorun fi gbé mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, sìmẹ́ǹtì ti le díẹ̀. Bíríkìlà mú ayùn wá, ó rẹ́ ilẹ̀kùn náà ní ìbú, lókè ibi tí sìmẹ́ǹtì dé. Apá òkè ṣí. Apá ìsàlẹ̀ dúró síbi tó wà, bí ìdènà kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi yọ́ ẹsẹ̀ rìn, ó dá a kọjá. Ìyá mi tú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi sì sùn sílẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù lẹ fi ń tún ilé ṣe. Oníṣẹ́ á wá, ẹ ò ní sí nílé, á ya fọ́tò ránṣẹ́ sí yín pé òun ti parí. Ilé yín dára ju tiwa lọ, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi léèrè pé tí irin bá há yín mọ́ lọ́jọ́ kan, ta ni yóò gbé àpótí wá sábẹ́ fèrèsé?

Bàbá mi ti lọ. Ìyá mi ṣì ń gbé yàrá yẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin mi mú oníṣẹ́ tó ń lẹ táìsì mọ́lẹ̀ wá, ó ní kó yọ pákó ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn dànù kí ìyá àgbà má baà kọsẹ̀. Oníṣẹ́ ti gbé òòlù sókè kí ìyá mi tó yọ sí i.

"Fi í sílẹ̀."

"Màmá, ẹ máa ṣubú o."

"Mi ò ṣubú rí. Ibẹ̀ lọkọ mi gbà jáde wá bá mi."

Ó di ògiri mú, ó gbé ẹsẹ̀ ogbó náà sókè, ó dá pákó náà kọjá, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.