Ọ̀pá Iná Méje Tí Mo Gbé Ka Iwájú Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́.

Bàbá mi ń ta aṣọ ní bùtíìkì iwájú ilé wa ní àdúgbò Williamsville, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Etí wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ni màmá mi máa ń wà, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Lóṣù tó kọjá, màmá ṣubú. Wọ́n pe bàbá títí ohùn wọn fi há, bàbá ń ká aṣọ lọ ní tiwọn. Ìgbà tí mo tibi iṣẹ́ dé ni mo bá wọn nílẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ eré nìyẹn?

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́. Mo ní màá ṣe bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá; tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á tàn níwájú bàbá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi gílóòbù lásán síbẹ̀. Mo ní rárá, iná pọ̀ jù nínú bùtíìkì yẹn. Orí kunkun! Mo ra afficheur, àwọn gíláàsì pupa tó ń fi nọ́ńbà hàn bíi ti aago, mo so wọ́n mọ́ kọ̀ńpútà kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Àṣé mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Ọ̀pá iná méje péré ló wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kọ MAMA. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ọ̀pá méje kọ M? Ó ń jọ férémù ilẹ̀kùn. Mo pa á tì, mo kọ IYA. Lèyí tó yẹ kó tàn bá ń kú, èyí tó yẹ kó kú ń tàn! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú kóòdù palẹ̀, kóòdù ò sì lẹ́ṣẹ̀ kankan. Ẹni tó ta ọjà fún mi lọ́jà Adjamé ló fún mi ní irú èyí tí iná rẹ̀ ń gba òdìkejì wọlé. Mo lọ bá a, ó ní ṣebí pupa ni mo béèrè, àbí kì í ṣe pupa ni?

Mo padà sílé, mo yí kóòdù náà sódì; Samedi, Àbámẹ́ta tó kọjá, ló tó ṣiṣẹ́. Màmá tẹ̀ ẹ́, IYA tàn. Bàbá gbójú sókè wò ó, wọ́n tún ń ká aṣọ wọn lọ.

Inú bí mi. Mo bi wọ́n ṣé wọn ò rí i ni. Wọ́n ní àwọn rí 1, àwọn rí 4 tó wọ́, àwọn rò pé aago náà ti bàjẹ́.

Mo ní kí wọ́n kà á. Wọ́n rọra sọ pé ilé kéwú nìkan ni wọ́n mú àwọn lọ l'Ógbómọ̀ṣọ́, àwọn ò mọ ABD.

Láti kékeré ni mo ti ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé fún wọn. Mo rò pé Faransé ni wọn ò gbọ́. Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún o, mi ò sì béèrè rí.

Mo ní kí n yí i sí nọ́ńbà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí màmá tún un tẹ̀, wọ́n ń fìka tẹ̀lé ọ̀pá iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ìyá ẹ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ní báyìí, tó bá ti tàn, wọn kì í ká aṣọ ọwọ́ wọn tán kí wọ́n tó dìde.

Ẹ̀kọ́ mi ni pé kéèyàn tó ṣe nǹkan fún ẹnì kan, kó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí mi, ara mi ni mò ń bínú sí. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rò pé ẹ mọ̀ nípa òbí yín tẹ́lẹ̀ tó wá já sí pé ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.