Òdo Mẹ́fà Nínú Fáìlì Bàbá Ṣọlá

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo padà di akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàlélógún, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi kò pọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa, ọmọbìnrin kan tí mo tó bí, sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti lílé ikú lọ. Ó ní bí àìsàn kan kò bá gbóògùn mọ́, iṣẹ́ wa ni pé kí aláìsàn náà má jẹ̀rora títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Mo mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ilé ìwòsàn kan ní Ajah ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ni a ń ṣe kíláàsì, lórí fóònù. Láàárín ọ̀sẹ̀, oníkálukú wa á máa bẹ aláìsàn kan wò nílé, ìròyìn rẹ̀ la ó sì fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Bàbá Ṣọlá ni wọ́n fún mi. Ọkọ̀ apẹja ni wọ́n ń kàn ní Eleko kí jẹjẹrẹ tó wọ eegun ẹ̀yìn wọn. Àgbà ìjọ aláṣọ funfun ni àwọn àti ìyàwó wọn.

Nọ́ńbà ni a fi ń díwọ̀n ìrora. Òdo ni pé kò sí rárá, mẹ́wàá ni pé kò ṣeé fara dà. Nígbàkigbà tí mo bá béèrè, Bàbá Ṣọlá á jókòó ṣinṣin lórí àga wọn, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní òdo ni, ògo fún Ọlọ́run. Ìyá Ṣọlá á fi kún un pé ọkọ àwọn ń sùn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ òdo sínú fáìlì. Mo tilẹ̀ fi yangàn ní kíláàsì.

Bí Ìyá Ṣọlá bá dìde láti sìn mí jáde, n ó ní kí wọ́n jókòó ti ọkọ wọn. Àánú ni mo pè é, bẹ́ẹ̀ ìkánjú ni. Ṣùgbọ́n ní ìgbà kẹfà yẹn, òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀, n kò rí ọ̀kadà, Ìyá Ṣọlá sì tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí ohùn wa kò ti lè dé inú ilé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ o.

"Nọ́ọ̀sì, orí àga yẹn ni wọ́n ń sùn. Láti oṣù tó kọjá, wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n á ki aṣọ bọnu kí n má bàa gbọ́ igbe, èmi náà á ṣe bí ẹni tó ti sùn lọ."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ. Wọ́n ní àwọn kò lè sọ ọ́ lójú ọkọ àwọn. Ojú tì mí gidigidi. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́, n kò bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ rí láìsí ìkejì níbẹ̀.

Mo padà wọlé, mo ní kí Ìyá Ṣọlá bá mi gbé omi kaná. Mo kúnlẹ̀ ti Bàbá, mo ní àwa méjì péré ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà mélòó ni? Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

"Mẹ́sàn-án. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyá wọn gbọ́. Wọn ò ní lè jẹun mọ́."

Mo ní n kò ní sọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́. Nígbà tí Ìyá Ṣọlá gbé omi dé, Bàbá tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Ìyá Ṣọlá, ó ń dùn mí."

"Mo mọ̀, Bàbá Ṣọlá. Mo ti ń gbọ́."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà mo pe dókítà, a fi kún mọ́fíìnì, oògùn ìrora tí Bàbá ń mu. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n sùn títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìròyìn mi, akẹ́gbẹ́ mi kan ní kí n fo òdo mẹ́fà yẹn. N kò fò ó. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n béèrè. Mo yege, ṣùgbọ́n máàkì tí olùkọ́ wa, ọmọbìnrin yẹn, fún mi kò ga, n kò sì bá a jà.

Bàbá Ṣọlá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, wọ́n sì kú lórí ibùsùn wọn. Nígbà tí mo lọ kí Ìyá Ṣọlá, wọn kò sọ̀rọ̀ oògùn rárá.

"Ogójì ọdún la fi fẹ́ra," ni wọ́n wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn la fi sọ òótọ́."