Bí A Ṣe Ba Oríkì Ọmọ Ọlọ́mọ Jẹ́

Mi ò ní kọ oríkì ọmọ náà síbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lè lọ bi àwọn tó kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n pọ̀ ní Atlanta. Èmi ni mo tú u síta. Inú ń bí mi sí ara mi, ó ń bí mi sí àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ń bí mi sí gbogbo àgbàlagbà tó gbé ayọ̀ tirẹ̀ lé ọmọ ogún ọdún lórí.

Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Downtown. Ẹni tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fẹ́ràn bésíbọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi gbọ́ rédíò rẹ̀ kí eré náà tó yé mi. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fẹ́ fi igi gbá a. Bó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ láyé, ìgbà tó ń lọ jókòó pọ̀ ju ìgbà tó ń rí i gbá lọ. Òfin eré náà nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ nínú wa?

Ẹgbẹ́ ńlá tó wà ní ìlú yìí ní ẹgbẹ́ àbúrò kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ títí wọ́n á fi tó gòkè. Nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, mo rí orúkọ Yorùbá láàárín orúkọ àwọn ọ̀dọ́ náà. Riverdale, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta níbí, ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, orúkọ bàbá rẹ̀ sì gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa eré náà ní kò ní pẹ́ bọ́ sí ẹgbẹ́ ńlá, pé irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀. Mo ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ wa rèé o!"

Ọmọ wa. Mi ò tíì fojú kàn án rí. Àwọn tí mo sì fi ránṣẹ́ sí, ẹlòmíràn nínú wọn ò mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe eré náà àbí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè, wọ́n ti mọ ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n ti mọ ilé-ìwé tí ìyá rẹ̀ lọ ní Ìbàdàn, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń sọ pé ìbátan òun ni.

"Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú," ni Díákónì wa wí ní páàkì ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a ń gbé mọ́tò sí. "This boy will be in the big league by June, in Jesus' name!"

Gbogbo wa ṣe àmín, bí ẹni pé àwa la ni ẹgbẹ́ náà.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wò ó ní ọ̀sán Sátidé, mọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú àsíá Nàìjíríà. Ọmọ náà tàsé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún tàsé. Ojú ń tì wá, bí ẹni pé àwa ni igi wà lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí a ń padà lọ síbi tí a gbé mọ́tò sí ni Díákónì wá sọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà.

"Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá ni," ni wọ́n wí. "Announcer yẹn kàn ń pe surname ẹ̀ bí ẹni ń pe customer. Tí a bá rí oríkì ẹ̀, tí a pè é dáadáa, orí ẹ̀ á wú. Ẹ máa wò ó. Brother, ẹ bá wa find out."

Èmi ni wọ́n ń bá wí. Ìyá ọmọ náà ń lọ sí ẹ̀ka ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Riverdale, ìyàwó mi sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Ká má parọ́, inú mi dùn pé èmi ni wọ́n rán.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, ẹgbẹ́ mi sì ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni nígbà tí mo pè é. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí pé à ń lọ wo ọmọ òun. Nígbà tí mo béèrè oríkì, ó rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ah, Brother! Ìyá bàbá ẹ̀ ló sọ ọ́ on phone, ọjọ́ tí mo bí i. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ o, bàbá ẹ̀ gan-an kì í pè é. Asthma máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tó kéré. Tí kò bá lè mí dáadáa, màá gbé e sáyà, màá kàn máa pè é bẹ́ẹ̀, softly, softly, títí á fi calm down. Up till now, tó bá ti gbọ́ ọ, ara ẹ̀ á balẹ̀."

Ó wá sọ oríkì náà fún mi. Gbogbo ohun tó sọ ṣáájú rẹ̀ ni mo gbọ́, etí mi ò sì di. Síbẹ̀, a ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí gúrúùpù.

Ní Sátidé yẹn, bí ọmọ náà ṣe dúró tí ó gbé igi sókè, ọkùnrin mọ́kànlá pariwo oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igi sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí wa, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹnì kan láàárín wa. Mo mọ ẹni tó ń wá. Nígbà tí kò rí i, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e kọjá ògiri pápá, ohun tó dára jù lọ tí ẹni tó mú igi lè ṣe.

A ya wèrè. Díákónì ju fìlà wọn sókè, wọn ò tilẹ̀ wá a mọ́. Ẹnì kan ti ya fídíò rẹ̀, kó sì tó di ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ òyìnbó ti ń pariwo oríkì náà, wọ́n ń fi imú pè é, ohùn rẹ̀ ò sì dúró síbì kan. Wọ́n kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń pè é lórí rédíò tó wà ní ọ́fíìsì wa. Àwọn kan ti ń ka iye ọjọ́ tó kù kó bọ́ sí ẹgbẹ́ ńlá, bí ẹni ń ka ọjọ́ ìkúnlẹ̀ aboyún. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹlòmíràn kì í jó ni lẹ́nu.

Oṣù kẹfà dé, ó lọ. Kò sí ẹni tó pè é gòkè. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i ti mọ ibi tí kò ti lè gbá a, ó sì ń tàsé lemọ́lemọ́. Oríkì yẹn náà ni àwọn òǹwòran wá fi ń bú u. Bó bá ti ń lọ jókòó, wọ́n á fà á gùn láti òkè pápá, wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rí ibi tí ẹnì kan ti kọ oríkì náà lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rírùn tí mi ò lè sọ lójú ìyàwó mi. Ẹ gbọ́ ohun tí Díákónì sọ: "The boy is not serious. Ó ti jẹ́ kí ariwo wọ òun lórí."

Ariwo ta ni? Ó yẹ kí n bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi àti ẹnu mi tó máa ń yá nígbà tí kò yẹ.

Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, ìyá ọmọ náà wa mọ́tò láti Riverdale wá bá wa ní páàkì. Ó kúnlẹ̀ kí Díákónì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má pe orúkọ yẹn mọ́."

"Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Díákónì dá a lóhùn. "Attack ọ̀tá ni. A máa fast fún three days."

"Kì í ṣe attack, sà. Ẹ̀yin ni."

Kò gbé ohùn sókè. Ó dìde, ó yíjú sí mi.

"Brother, mo call ẹ̀ ní Tuesday. Four times ni wọ́n ní kó lọ jókòó ní game ọjọ́ yẹn. Mo ní kí n kàn pè é bí mo ṣe máa ń pè é. Ẹ mọ nǹkan tó sọ fún mi? Ó ní, 'Mommy, please. Not you too.'"

Ẹyin lohùn, èmi ni mo jẹ́ kó bọ́. Nígbà tí mo délé, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́ ní gúrúùpù, ìyẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ gbogbo wọn kí wọ́n dẹ́kun. Díákónì fi àwòrán ọwọ́ àdúrà méjì dá mi lóhùn, wọ́n sì tún lọ pariwo ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo lè bínú sí wọn títí di ọ̀la. Ṣé àwọn ló gbé fóònù pe obìnrin náà?

Ó kù díẹ̀ kí sáà eré náà parí nígbà tí ìyá ọmọ náà ní kí n mú òun lọ síbi tí àwọn ọmọ náà máa ń gbà jáde, nítorí òun ò mọ ibẹ̀. Mo mú un lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ lọ jókòó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn eré, àwọn èèyàn rọ̀ mọ́ ọgbà irin, ọmọdé àti àgbà, wọ́n na bọ́ọ̀lù àti fìlà sí i kó fọwọ́ sí i, gbogbo wọn ń pe oríkì rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ń gbà, ó ń fọwọ́ sí i, ó ń dá a padà, ó sorí kọ́.

Nígbà tó kan ibi tí a dúró sí, ìyá rẹ̀ la ẹnu. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oríkì náà lọ́fun rẹ̀, ó sì gbé e mì. Orúkọ òyìnbó tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ọmọ rẹ̀ ló pè, ó rọra pè é.

"Yes, ma'am," ni ọmọ náà wí, kò gbórí sókè, ó sì na ọwọ́ kí ìyá rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù tó fẹ́ kó fọwọ́ sí lé e.