Ètò Ayẹ̀wò Tó Ti Gbó

Ó ti rẹ̀ mí. Bí ẹ bá rí mi lọ́nà Ìfọ́n ní àràárọ̀ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ohun tí mò ń wá lọ. Àwọn ará ilé wa ní Ìlọ́bù ti bi mí tó. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti da àárín ìlú méjèèjì rú, wọn ò fẹ́ kí n máa lọ sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ará Ìfọ́n ló kọ́ mi níwèé, mi ò sì lè pa á tì.

Ọ̀gá mi yìí ti fẹ̀yìn tì, ó dá ilé-ìwé kékeré kan sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣe áàpù tó fi ń ṣírò máàkì fún un. Ọmọ náà ti ṣaláìsí. Àmọ́ bí bàbá bá ti ṣí áàpù yẹn, ìkíni ni yóò kọ́kọ́ hàn, ti òní kì í jọ ti àná: "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, bàbá mi." "Ẹ kú òjò àná o, bàbá mi." Bàbá kò mọ iye tí ọmọ kó síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń retí èyí tí kò tíì rí, á sì dá a lóhùn sókè ketekete. Etí mi gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Nígbà tí ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá fi ètò tuntun tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà sí i. Mo ní ètò kékeré kan tó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn áàpù yóò bá ètò tuntun ṣiṣẹ́. Tèmi ti gbó. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ di tuntun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sún. Ọ̀gá mi dúró lé mi lórí.

"Ṣebí èyí tó o lò fún ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́sí wà lọ́wọ́ rẹ? Lò ó jàre."

Háà! Èmi tí mo máa ń bú oníbàárà tó bá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi, ẹnu mi wọlé. Ta ni yóò sọ fún ẹni tó na òun nítorí ìṣirò pé kò mọ̀ ọ́n? Mo ní, "Ó dáa, sà." Ètò ayẹ̀wò fi àmì aláwọ̀ ewé síwájú gbogbo áàpù. Báwo ni ì bá ṣe mọ ètò tuntun tí wọn ò tíì ṣe nígbà tí wọ́n ṣe òun? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo pa ètò àtijọ́ tó ń darí ẹ̀rọ náà rẹ́, mo fi tuntun sí i.

Áàpù ọmọ kò ṣí mọ́. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó kọ̀. Ẹ̀rọ bàbá pẹ̀lú ètò àtijọ́ rẹ̀ nìkan ni ọmọ ti dè é mọ́. Nígbà tí mo wá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi, tí ètò ayẹ̀wò di tuntun, àmì pupa ló fi síwájú áàpù náà. Lẹ́yìn tí omi ti tẹ̀yìn wọ igbín lẹ́nu! Mo bú ara mi títí.

Ọ̀gá mi kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ó kàn bi mí pé, "Mélòó ló kù níbẹ̀ tí mi ò tíì rí?"

Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ gbìyànjú láti ṣí i, kò sí ọ̀nà tí mi ò tíì gbà. Sátidé tó kọjá, ọyẹ́ ti dé, mo bá a níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wò ó. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, bàbá mi."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Kọ̀ǹpútà náà ló kọjú sí, ó ní sókè ketekete, "Kú ọ̀gìnnìtìn, ọmọ mi."