Iná Tó Wà Lórí Victoire

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kan Abọ́sẹ̀dé pé ó dáná sun orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, irun ọmọ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di ìdajì, ó ku ìdajì. Fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin kan ló ń fi Faransé sọ̀rọ̀, ohun tí Abọ́sẹ̀dé sì rí mú nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: Victoire, orí, kíákíá. Ó bẹ ìyá ọmọ tó ń di irun fún, ó gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwé. Òòyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ọmọ Sákété ni Abọ́sẹ̀dé, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Lomé. Ọkọ náà ti kú. Irun dídì ló fi tọ́ Madeleine, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, irun dídì náà ló sì fi ń tọ́ Victoire, ọmọ Madeleine, láti ìgbà tí Madeleine ti ríṣẹ́ sí ilé ìtajà oògùn kan ní Cotonou. Àtíbàbà rẹ̀ wà létí títì ní Totsi. Ogójì ọdún ló ti ń jókòó sẹ́yìn orí àwọn ènìyàn, àwọn tó di irun fún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ti ń mú ọmọ tiwọn wá. Ó lè di kòlẹ́sẹ̀ láìwo ọwọ́ rẹ̀. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ojú rẹ̀ kò ti rí ohun tó wà nítòsí dáadáa mọ́. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbé orí fún onídìrí tí kò ríran?

Ìparí ọdún ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ mú débi pé ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń sán. Victoire, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ó ń họ ọ́ nídìí oúnjẹ, ó ń họ ọ́ lójú oorun. Abọ́sẹ̀dé tú irun rẹ̀ wò, ó rí nǹkan funfun kéékèèké tó wọ́n káàkiri bí iyẹ̀fun.

"Iná ni," ó ní. "Ẹyin rẹ̀ rèé. Ta lo gbé orí tì níléèwé?"

Kí ẹni tí ìlú òyìnbó ti gba èdè wa lẹ́nu rẹ̀ má ṣi mí gbọ́. Iná tí mo wí yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń se ọbẹ̀. Kòkòrò orí ni, èyí tó ń rìn nínú irun tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, a kì í sì í ṣì wọ́n gbọ́ láàárín ara wa, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé ìkòkò ka orí ọmọ.

Ohun tí ìyá Abọ́sẹ̀dé ṣe fún un ní Sákété ni òun náà ṣe. Ó da epo àtùpà, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹtirọ́ọ̀lù níhìn-ín, sí abẹ́ irun ọmọ náà, ó fi aṣọ dì í pa títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ó sì di irun náà pinpin kí iná má baà rí ibi sá sí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

"Mémé, ó ń ta mí," ni Victoire ń wí fún ìyá àgbà rẹ̀.

"Iná ló ń kú yẹn. Kò sí ohun tí í kú tí kì í jà."

Níléèwé Victoire, Faransé nìkan ni wọ́n gbà kí àwọn ọmọ máa sọ. Nígbà tí tíṣà rẹ̀, Madáàmù Sandrine, bi í pé kí ló dé tó ń họ orí títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ, ọmọ náà wá ọ̀rọ̀ tó mọ̀, ó sì lò ó. Ó ní feu, ìyẹn iná ní Faransé, wà lórí òun. Ó ní Mémé ń da pẹtirọ́ọ̀lù sí i.

Ọmọ apá Kárà lókè lọ́hùn-ún ni Madáàmù yìí. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n gbé e wá sí Lomé, kò gbọ́ Mínà, èdè ìlú náà, ká má tíì sọ Yorùbá. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé wọlé, ó bá Victoire lórí àga tíṣà, wọ́n ti ṣí gèlè tó wé wá síléèwé kúrò lórí rẹ̀.

"Bọ̀ǹsúù, Madáàmù."

Madáàmù nawọ́ sí orí ọmọ náà. "Ṣé òótọ́ ni pé feu wà níbí?"

Abọ́sẹ̀dé mọ feu. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sun ẹja létí títì. Feu ni iná, iná ni feu. Ó dùn mọ́ ọn nínú pé ó gbọ́ ohun tí wọ́n bi í.

"Wí, Madáàmù. Feu. Bókú." Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀ gan-an, ló fẹ́ sọ.

"Ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Èmi ni mo rí i. Mo da pẹtirọ́ọ̀lù sí i." Ó na ìka mẹ́ta sókè kó lè yé e. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ẹnu Madáàmù là sílẹ̀. "Pẹtirọ́ọ̀lù? Lórí ọmọ ènìyàn?"

"Kò tíì tán ni. Màá tún un ṣe ní Sátidé."

Madáàmù fa Victoire sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì fi ara dí i. Ọ̀rọ̀ tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ yá ju ohun tí Abọ́sẹ̀dé lè tẹ̀lé lọ. Victoire ló yọjú lẹ́yìn aṣọ tíṣà.

"Mémé, wọ́n ní mi ò ní bá yín délé mọ́. Wọ́n á mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ọmọ. Wọ́n ní ẹ fẹ́ jó mi."

"Kí n jó ọ? Kí ni màá fi jó ọ?"

"Iná."

"Iná wo?"

"Iná orí mi."

Abọ́sẹ̀dé jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ ga dé àyà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Faransé rẹ̀ tán. Ní ogójì ọdún tó ti wà ní Lomé, kò tíì sí ẹni tó fi ọmọ pa mọ́ fún un rí.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwé. Madáàmù ní àwọn á kọ́kọ́ débẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé, kí òun tó pe ẹnikẹ́ni. Ó di ọwọ́ Victoire mú. Abọ́sẹ̀dé ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ẹni tó ń sìnkú.

Àkànbí ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níbẹ̀, ọkùnrin ni, Nàgó Kétu sì ni ìyá tó bí i. Ó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu Madáàmù tán, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ yìí burú. Ṣé lóòótọ́ lẹ fi iná sí ọmọ yìí lórí?"

Bí Abọ́sẹ̀dé ṣe gbọ́ Yorùbá, ohùn rẹ̀ là. "Èmi? Kí n fi iná sí i? Iná ló bá ọmọ wá láti iléèwé wọn, mo ń pa á!"

Àkànbí yíjú sí i. "Iná... èyí tó ń rìn?"

"Ṣé ìwọ mọ èyí tó ń jókòó lórí ni?"

Ẹ̀rín pa Àkànbí, ó di tábìlì mú. Ó ṣàlàyé fún Madáàmù. Madáàmù kọ́kọ́ rò pé ó ń gbè lẹ́yìn ará ilé rẹ̀ ni.

"Èdè wo ló máa fi orúkọ kan náà pe kòkòrò àti iná?"

"Èdè ìyá mi ni, Madáàmù."

Madáàmù fi ọwọ́ bo ẹnu. Abọ́sẹ̀dé mí kanlẹ̀, ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le. "Ó parí. Victoire, jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ dúró ná, Ìyá."

Àkànbí mú ọmọ náà dé ojú fèrèsé. Ó tú dídì kan, ó la irun náà, ó sì fẹ́ ẹ. Nǹkan funfun yẹn fò sókè nínú ìmọ́lẹ̀, ó sì balẹ̀.

"Ẹyin iná kì í fò, Ìyá. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ irun bí àtẹ. Èépá lèyí." Ó wò ó láti iwájú dé ìpàkọ́, láti etí dé etí. "Kò sí iná kankan níbí. Kò tilẹ̀ sí rí. Awọ orí rẹ̀ ló gbẹ. Ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ àti dídì tó fún jù ló dá kún un." Ó yí orí ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èyí ńkọ́?"

Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Àkànbí mú ìka rẹ̀, ó fi kan ẹ̀yìn etí ọmọ náà jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ tutù, ó bó, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Victoire ké tòò.

"Epo àtùpà ló ṣe é. Kò nílò ìṣáná. Òun fúnra rẹ̀ máa ń jó awọ ọmọdé." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun tí mo máa kọ sínú ìwé tí Madáàmù ń béèrè nìyẹn, Ìyá. Ọmọ yìí jóná."

Madáàmù ti ṣi gbogbo rẹ̀ gbọ́ pátá, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òótọ́ bọ́ sí. Ẹnu ya Abọ́sẹ̀dé ju ti ìgbà tí wọ́n pè é ní adánásunmọ. Ìyẹn, ó mọ̀ pé irọ́ ni.

"Ó sọ fún mi pé ó ń ta òun," ó ní.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó wo ìka rẹ̀. "Kọ ọ́ bó ṣe rí. Kọ ọ́ mọ́ ọn pé ojú mi ò ríran nítòsí mọ́."

Àkànbí kọ ọ́. Madáàmù kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ tirẹ̀, Àkànbí ń túmọ̀. Victoire lè bá ìyá àgbà rẹ̀ délé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n máa fọ orí rẹ̀, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ọmọdé. Kí wọ́n fi oògùn tí nọ́ọ̀sì fún wọn sí ojú egbò. Kí wọ́n fi òróró àgbọn díẹ̀ pa ibi tó gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má di irun náà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí Abọ́sẹ̀dé máa wá sí kíláàsì kí àwọn jọ yẹ orí náà wò. Bí òun bá rí egbò tuntun kan ṣoṣo, Madeleine ni yóò wá mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ló pe Madeleine. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. 

"Màmá, oògùn là ń tà níbi tí mo wà. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá wá mú un. Ẹ má bínú."

"Mi ò ní bínú."

Báyìí ni ọmọ onídìrí ṣe ń rin Totsi pẹ̀lú irun títú bí igbó, lójú gbogbo ayé. Obìnrin kan tó wá dirun kò lè mú un mọ́ra. "Ìyá Madeleine, ẹ ń di ti gbogbo ìlú, ẹ ò rí ti ilé dì?"

"Èmi ni mo bó o lórí," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Ó ń sàn. Jókòó kí n di tìẹ, tàbí kó o máa lọ."

Obìnrin náà dìde. Ẹlòmíràn náà dìde lọ́jọ́ kejì. Abọ́sẹ̀dé lọ ra awò ojú. Nígbà tó kọ́kọ́ fi í wo orí Victoire, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún fi í wò ó, ó sì rí bí egbò náà ṣe fẹ̀ tó.

Ní Jímọ̀ kẹrin, Madáàmù Sandrine la irun náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó wá kọ ìlà kan sísàlẹ̀ ìwé ti Àkànbí, ó sì nà án sí Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé kò lè ka Faransé. Ó gbé e fún Victoire.

"Wọ́n ní orí mi..."

"Má túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Victoire kà á. Abọ́sẹ̀dé dá a dúró níbi ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. "Guérie. Kí ni ìyẹn?"

"Ó sàn."

"Ó ń sàn ni, àbí ó ti sàn?"

Victoire kò mọ̀. Ó yíjú sí Madáàmù, ó bi í ní Faransé. Madáàmù tún ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò kó tó dáhùn.

"Wọ́n ní ó ti sàn, Mémé. Pátápátá."

"Ó dáa," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Mú àpò rẹ."