Ẹ̀dọ̀ àti Ọwọ́ Dígí

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ní ilé ìwòsàn. Dígí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé bí ó bá fi fáníìṣì pa ojú tábìlì kan tán, ènìyàn lè tẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ó fi í gẹ irùngbọ̀n. Kì í fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é, kì í sì í lo ẹ̀rọ tí ń fọ́n ọ̀dà. Òwú ni ó máa ń ká sínú àkísà funfun, á rọ ọ́ bí ẹyin, á tẹ̀ ẹ́ bọ inú fáníìṣì tí ó ti fi tínà là, á sì máa yí i ní òbìrìkìtì lórí igi, díẹ̀díẹ̀, títí igi náà yóò fi máa dán bí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ti inú rẹ̀ wá. Ọwọ́ lásán ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìka rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wí, ni igi ń bá sọ̀rọ̀: bí àkísà bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ igi, ìka ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bí iṣẹ́ bá sì parí, á bu tínà sínú abọ́, á fi fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá bí ẹni fi omi fọ̀ ọ́.

Ògiri pákó kan ni ó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rán tìmùtìmù fún àwọn àga tí ó bá kùn tán. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Obìnrin ni, ó kàwé títí ó fi di òṣìṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé tọ́jú eku funfun tí kẹ́míkà ti pa lára. Dígí kò yé fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo rán ọmọ lọ sí yunifásítì," ni yóò wí, "eku ló lọ ń fún lóúnjẹ." Láti ìgbà náà ni ó ti ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Eléku, tí ìyàwó náà sì ń pè é ní Bàbá Eléku. Orúkọ náà dùn mọ́ àwọn méjèèjì ju bí wọ́n ṣe lè jẹ́wọ́ lọ.

Ìyàwó yìí ni ó kọ́kọ́ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ojú ọkọ rẹ̀. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pé kí ó bá òun fi òwú sí abẹ́rẹ́. Bí ọkùnrin náà ṣe ń wo ihò abẹ́rẹ́, ni òun ń wo ẹyinjú rẹ̀, ó sì rí i pé funfun ibẹ̀ ti gba àwọ̀ fáníìṣì tí a là jù.

"Ẹ yí ojú sí ìmọ́lẹ̀ kí n rí i."

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé mo lẹ́wà ni?"

"Ẹwà yẹn ti ń pọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

Dókítà tí ó dá a lóhùn kéré sí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nígbà tí èsì jáde, ìyàwó Dígí wà níta lórí bẹ́ǹṣì. Dígí nìkan ni ó wọlé lọ gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ̀dọ̀ yín ló ń jìyà," ni dókítà wí, ó sì gbé ọwọ́ lé ìhà ara rẹ̀ lápá ọ̀tún. "Kẹ́míkà tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ló ń bà á jẹ́. Kò tíì kọjá àtúnṣe, torí ẹ̀dọ̀ mọ bí a ṣe ń tún ara ẹni ṣe. Àmọ́ bí ẹ kò bá dáàbò bo ara yín dáadáa, ẹ máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni."

Dígí náà gbé ọwọ́ lé ìhà tirẹ̀. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èémí ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó rántí òórùn tínà tí ó máa ń gún un nímú láràárọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé e kíákíá, ju bó ṣe yẹ kó yé e lọ.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè níta.

"Wọ́n ní èéfín tínà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró mi."

Báyìí ni ẹ̀dọ̀ tí ó wà lẹ́nu dókítà ṣe di ẹ̀dọ̀fóró kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yà ara tí ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ ni dókítà ń sọ. Èyí tí a fi ń mí ni tọkọtaya náà gbé lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ rán ìbòmú fún un láti inú aṣọ líle tí ó fi ń rán tìmùtìmù, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi rọ́bà sí i. Dígí kì í bọ́ ọ láti àárọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nígbà tí kápẹ́ńtà tí ń bá a kan àga gbé iṣẹ́ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dígí, ṣé olè lo fẹ́ máa jà báyìí?"

"Bí mo bá fẹ́ jalè, ṣọ́ọ̀bù tìẹ kọ́ ni n ó kọ́kọ́ lọ. Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ìtọ́jú tí ó kù di ti ìyàwó rẹ̀. Ó ń lọ ata ilẹ̀ pupa, ó ń se é pọ̀ mọ́ ewé ìbẹ́pẹ, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹnì kan ti sọ fún un pé irú ewé bẹ́ẹ̀ máa ń fọ inú, kò sì bìkítà èwo nínú inú ni ó ń fọ̀. "Inú kan náà kọ́ ni gbogbo wọn wà?" ni ó wí. Dígí á di imú, á gbé e mì, á fún ojú pọ̀. Bí ojú náà kò ṣe funfun sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ń sọ ata ilẹ̀ náà di méjì.

Nígbà tí wọ́n padà lọ fún àyẹ̀wò, èsì náà burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ṣé ẹ ń dáàbò bo ara yín níbi iṣẹ́?" ni dókítà béèrè.

"Gan-an ni, dókítà. N kì í bọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ ká tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá yí padà, Bàbá, ẹ má bínú, ẹ máa fi iṣẹ́ fáníìṣì sílẹ̀."

Ìta ni ìyàwó rẹ̀ tún wà; ilé ni Dígí ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ìyàwó rẹ̀ dìde, ó gbé ìkòkò àgbo lọ sẹ́yìnkùlé, ó dà á sílẹ̀, ó sì padà wá jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìkòkò òfìfo lórí itan rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni kò dára," ni ó wí. "Mo rò pé mò ń tọ́jú yín."

Dígí gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù kò ju ọ̀kan lọ: bí wọ́n bá gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí ọwọ́ náà tún wà fún. Ó gbé fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eku sàn," ni ó wí, "ẹ wá fún bàbá yín náà nínú ewé yẹn."

Ọmọ náà dé ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni ó kọ́kọ́ gbà wọlé, ó sì bá bàbá rẹ̀ tí ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀ pinpin, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì rì sínú abọ́ tínà dé ìgúnpá.

"Bàbá mi, kí lẹ bò nímú?"

"Ẹ̀dọ̀fóró mi ni mò ń dáàbò bò. Ìyá rẹ kò sọ fún ọ?"

"Ẹ̀dọ̀fóró? Ta ló sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ni?"

"Dókítà. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ń jìyà."

Ọmọ náà wo ìbòmú, ó wo abọ́ tínà. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Kí ẹ̀rín náà tó tán, omi ti dé ojú rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ bàbá rẹ̀ kúrò nínú abọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi aṣọ nù ún.

"Bàbá mi, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n wí. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí eku kan lọ́dọ̀ wa tí ń fi kẹ́míkà wẹwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Awọ ara ń mu tínà. Ẹ dí imú bí ẹni dí fèrèsé, ẹ wá ṣí ọwọ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Imú náà gan-an ò dí dáadáa, aṣọ ò lè dá èéfín dúró."

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ewé tí mo ń sè ńkọ́?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ṣé òun ló bà á jẹ́?"

"Ẹ jókòó, Ìyá mi." Ọmọ náà fa àga kan fún un. "Gbogbo ohun tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń lọ. Tí tínà bá dé ibẹ̀, ẹ̀dọ̀ á fẹ́ tú u palẹ̀. Bó ṣe ń tú u, àwọn nǹkan kéékèèké á máa ta jáde, bí iná ṣe ń ta lára irin tí wọ́n ń lọ̀, wọ́n á sì máa jó ohun tí wọ́n bá bà lé. Èròjà kan wà nínú ewé àti èso tó máa ń fara gba iná yẹn, kó má bàa kan ẹ̀dọ̀. Òun la ń wá nínú ewé tiwa."

"Fáníìṣì ẹ̀dọ̀ nìyẹn," ni Dígí wí.

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń fi fáníìṣì pa tábìlì nígbà tí ẹlòmíràn ń fi sáńpépà ha á lápá kejì?"

Dígí wo abọ́ tínà.

"Àwọn eku tí ẹ fún ní ewé ńkọ́?" ni ìyá béèrè.

"Ẹ̀dọ̀ tiwọn kò bàjẹ́ tó tàwọn tí a ò fún. Ṣùgbọ́n eku ni wọ́n, àwa la sì ń wọn kẹ́míkà fún wọn. A ò tíì mọ bó ṣe máa rí lára èèyàn. N kò ní gbé ohun tí a ò tíì mọ̀ wá fún bàbá mi mu. Ewé yín kọ́ ló dá àìsàn yìí sílẹ̀, Ìyá mi. Àmọ́ ẹ fi ata ilẹ̀ pupa yẹn mọ níwọ̀n, inú oúnjẹ ni kí bàbá mi ti jẹ ẹ́. Tó bá pọ̀ jù, ẹrù ló tún máa dì lé ẹ̀dọ̀ lórí. Kí wọ́n jẹ èso, kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì yọwọ́ kúrò nínú tínà."

Kí ó tó padà lọ, ó ra ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn fún bàbá rẹ̀, irú èyí tí tínà kì í tètè là kọjá, ó sì ra ìbòmú gidi tí ń gba èéfín dúró. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì, ó sì fi bí òróró àti ọṣẹ ṣe ń ṣí fáníìṣì kúrò lọ́wọ́ hàn án.

Ìbọ̀wọ́ ni ó di wàhálà. Tábìlì ìkọ̀wé oníbàárà kan ni Dígí fi bẹ̀rẹ̀. Àkísà lẹ̀ mọ́ igi láìjẹ́ pé ó mọ̀, ó sì ya àpá gbọọrọ sójú tábìlì. Ó ha á dànù, ó tún bẹ̀rẹ̀; ó tún lẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ jù sílẹ̀.

"Ó dà bí kí n máa fi ẹnu ẹlòmíràn jẹun," ni ó wí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú.

"Ẹ fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro."

"Èwo nínú ẹ̀dọ̀ náà?"

"Èyí tí a ń tọ́jú." Ó ṣa ìbọ̀wọ́ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì ń kó ìka ọkọ rẹ̀ padà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọ̀bàtà fọ́mọ. Lẹ́yìn náà ni ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Dígí tún mú àkísà, ó ń yí i. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ohùn fi ti ẹ̀yìn ògiri pákó wá.

"Ó ti ń fà."

"Kí ló ń fà?"

"Àkísà yín. Ẹ kán òróró sí i."

Ó gbé àkísà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ wo ojú igi. Lóòótọ́ ni, ibẹ̀ ti ń le. Díẹ̀ ló kù kí ó tún ya á. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, ó dúró pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ń dún. Tó bá ń lọ geere, bí ẹni tó ń sùn ló ṣe máa ń mí. Tó bá fẹ́ lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn."

"Láti ìgbà wo lo ti ń gbọ́ ọ?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi síbí. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rọ yìí nìkan ni mò ń gbọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ọdún tí ó fi gbà pé òun àti igi nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan wà lẹ́yìn pákó tí ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń fi etí kọ́ ohun tí ìka rẹ̀ ti mọ̀. Níbi tí etí tirẹ̀ kò bá tó, á béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, bí kò tilẹ̀ tíì débẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọlé lọ bá dókítà, ìyàwó sì mú kí dókítà fi ọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ gan-an lára àwòrán ẹ̀yà ara tí ó wà lára ògiri kí ó tó sọ̀rọ̀. "Iṣẹ́ yín kò ní bọ́, Bàbá," ni dókítà wí, "bí ìbọ̀wọ́ kò bá ti bọ́."

Nígbà tí wọ́n délé, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Dígí wọ ìbọ̀wọ́, ó so ìbòmú, ó gbé àkísà lé tábìlì ìkọ̀wé náà láti fi fáníìṣì pa á nígbà ìkẹyìn.

"Ìyá Eléku, ó ń kùn àbí kò kùn?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kí ó lè gbọ́ dáadáa.

"Kò kùn," ni ó wí. "Ẹ máa lọ."